Canon 50mm àtijọ́: funfun kúróòmù ni kí n rà, tàbí dúdú?

Onífọ́tò Àjàṣẹ́ kọ:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò kí n tó náwó. Oníṣòwò kan tó ń ta ẹrù àlòkù fi lẹ́ǹsì Canon àtijọ́ méjì hàn mí. Méjèèjì jẹ́ 50mm f/1.8 (nọ́ńbà f ń sọ bí ihò ìmọ́lẹ̀ ṣe tóbi tó: bí ó bá ti kéré sí ni ihò náà ń tóbi sí), onískúrú M39, ìyẹn tí a ń fi skúrú mílímítà 39 dè mọ́ kámẹ́rà, irú èyí tí wọ́n ń lò ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Ọ̀kan funfun, kúróòmù ni wọ́n fi bo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. Èkejì dúdú, àfi òrùka funfun díẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Òrùka àsopọ̀ tí yóò jẹ́ kí wọ́n wọ ara kámẹ́rà dìjítà mi ti wà lọ́wọ́. Ọkùnrin náà bu owó lé dúdú ju funfun lọ, ó ní dúdú ni ó dé kẹ́yìn, àti pé àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti funfun lọ.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe nìyí: àwòrán ènìyàn níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ nígbà tí a bá lọ sí Kétu fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àti iṣẹ́ kan tí àwọn ẹbí máa ń gbé fún mi lemọ́lemọ́, èyíinì ni kí n tún àwọn fọ́tò baba ńlá wọn yà láti inú férémù onídígí tó wà lára ògiri, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ kí a tú férémù náà rárá. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé àwọ̀ ara lẹ́ǹsì kan àwòrán, àbí ẹwà ojú lásán ni?

Alátùnúnṣe Kétu kọ:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Àwọ̀ tó wà lóde lẹ́ǹsì kò kan ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí pé inú ọ̀pá lẹ́ǹsì, dúdú ni wọ́n máa ń kùn ún, yálà òde rẹ̀ funfun tàbí kò funfun.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí ni Summicron 50mm f/2 ti Leica, irú èyí tó jáde ní 1994 tí ìbòrí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára rẹ̀. Ètò awò inú rẹ̀ ni èyí tí Walter Mandler parí ní 1979. Ilé-iṣẹ́ náà ṣe é ní dúdú, wọ́n sì ṣe é ní funfun, awò kan náà, ìkùn (coating) ojú awò kan náà. Síbẹ̀, gíráàmù 240 ni dúdú wọ̀n, funfun sì wọn 335. Summicron 35mm tó tẹ̀ lé e ní 1997 náà rí bẹ́ẹ̀: dúdú jẹ́ 255, funfun jẹ́ 340. Irin ló fa ìyàtọ̀ yìí. Alumíníọ̀mù ni ara dúdú, idẹ sì ni ara funfun, nítorí pé kúróòmù máa ń lẹ̀ mọ́ idẹ pẹ̀lú ìrọ̀rùn ju bí ó ti ń lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé dúdú tí wọ́n ń fi ásíìdì àti iná mànàmáná mú jáde lára alumíníọ̀mù kò ṣeé mú jáde lára idẹ. Bí o bá gbé méjèèjì sójú kámẹ́rà kan náà, tí o sì ya ohun kan náà, kò sí ẹni tí yóò lè sọ èyí tí ó yà á.

Nítorí náà, ìgbà tí a bá rí ìyàtọ̀ nínú àwòrán funfun àti dúdú, ohun mìíràn ló fà á, ohun náà ni ó sì yẹ kí a wá rí kí a tó dá ẹ̀bi tàbí àre fún àwọ̀.

Ọ̀dọ́ Ouando kọ:

Bàbá, mo kí yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jiyàn díẹ̀. Mo ti rí àwòrán tí wọ́n fi Flektogon 35mm, lẹ́ǹsì ilé-iṣẹ́ Zeiss ti Jena ní Jámánì, yà, ti funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti dúdú, ìyàtọ̀ náà kò sì fara sin. Àwọn àwọ̀ inú ti dúdú jinlẹ̀, dúdú rẹ̀ dúdú lóòótọ́, nígbà tí ti funfun ṣì bàìbàì bí oòrùn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí i. Bí àwọ̀ kò bá kan àwòrán, kí ni a ó pe èyí? Ó jọ pé oníṣòwò Àjàṣẹ́ yẹn kò parọ́ tán.

Ìyá Ayàwòrán Ṣábẹ kọ:

Àbúrò mi, ohun tí o rí yẹn, òótọ́ ni o rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́ǹsì kan náà ni o fi wé ara wọn. Flektogon funfun tí o ń sọ, f/2.8 ni, àwọn ọdún 1950 ni wọ́n gbé e jáde, ìpele kan ṣoṣo ni ìkùn ojú awò rẹ̀. Dúdú tó ní MC (multi-coating) pupa lára, f/2.4 ni, ètò awò rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ọdún 1970 ti kọjá kí ó tó dé, ìkùn rẹ̀ jẹ́ ìpele púpọ̀, ó sì lè súnmọ́ ohun tí ó ń yà títí dé sẹ̀ǹtímítà 20. Láàárín àwọn méjèèjì, wọ́n tún ṣe èyí tó dá abilà, dúdú àti funfun ní ìlà-ìlà. Àwọ̀ ara àwọn lẹ́ǹsì Jena, bí a ti ń mọ ọdún wọn ni, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìkùn yìí ló yẹ kí a dúró lé. Awò tí kò ní ìkùn máa ń dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà ní ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ lẹ́ǹsì tó ní awò mẹ́fà nínú lè ní ojú mẹ́jọ tó kan afẹ́fẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń dá padà yìí máa ń rìn káàkiri inú ọ̀pá, á wá tú sórí àwòrán, òun ni ó ń sọ dúdú di eérú. Alexander Smakula ti ilé-iṣẹ́ Zeiss ló wá ìkùn tó ń dín in kù ní 1935. Lẹ́yìn ogun, gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń fi lẹ́tà yangàn pé lẹ́ǹsì àwọn ní ìkùn: Zeiss fín T pupa, àwọn ará Rọ́ṣíà fín П pupa, Nikon fín C pupa. Ìpele kan ṣoṣo ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ìkùn ìpele púpọ̀ kò di ohun gbogbo ayé títí di àwọn ọdún 1970. Asahi tó ń ṣe Pentax gbé ti wọn jáde ní 1971.

Ẹ ṣọ́ra fún C ti Nikon yẹn o. Lára Nikkor, ìyẹn lẹ́ǹsì Nikon, onískúrú ti ọdún 1950, ìkùn ìpele kan ni C pupa ń sọ. Lára Nikkor ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, irú tí wọ́n kọ S·C tàbí H·C sí lára, ìkùn ìpele púpọ̀ ni C kan náà ń sọ. Mo ti rí ẹni tó ra ti àkọ́kọ́ ní iye owó ti ìkejì.

Canon méjì tí Onífọ́tò Àjàṣẹ́ fẹ́ rà ńkọ́? Ìpele kan ni ìkùn àwọn méjèèjì. Dúdú wọn kì í ṣe dúdú ti MC. Ẹni tó bá ń sọ pé ó mọ́ ju funfun lọ ní láti fi àwòrán hàn.

Alátùnúnṣe Kétu kọ:

Aya wa ti sọ ọ́ bó ti yẹ. Ẹ jẹ́ kí n wá fi ti Canon kún un, torí pé mo ti tú púpọ̀ nínú wọn.

Lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 yìí, ọdún 1951 ni ó jáde, Hiroshi Ito ló ṣètò awò rẹ̀, Serenar sì ni orúkọ tí Canon ń pe àwọn lẹ́ǹsì rẹ̀ nígbà náà. Awò mẹ́fà ni, ní ìdìpọ̀ mẹ́rin. Ohun tí wọ́n fi ń yìn ín ni pé kò ní kùrukùru tó máa ń bá irú ètò awò bẹ́ẹ̀ fínra tí a bá ṣí ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tán. Idẹ tí wọ́n fi kúróòmù bò ni àkọ́kọ́, ó wúwo, bí o bá gbé e lọ́wọ́ o ó mọ̀. Nígbà tó di ìdajì kejì àwọn ọdún 1950, wọ́n gbé e wọ ara alumíníọ̀mù dúdú, ó sì fúyẹ́ gan-an. Ètò awò náà kò yí padà lọ́nà tí ojú yóò fi rí i nínú àwòrán.

Ohun tó yí padà, tí oníṣòwò kò ní sọ fún ọ, ni pé àwọn Canon dúdú ìgbà yẹn ní àrùn kan. Gíríìsì inú wọn máa ń tú oru jáde bí ọdún ti ń gorí ọdún, oru náà á lẹ̀ mọ́ awò tó wà lẹ́yìn ihò ìmọ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, á sì di kùrukùru funfun. Bí a bá tètè rí i, a ó nù ún kúrò. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, ó máa ń jẹ awò náà wọlé. Nígbà tó bá ti jẹ ẹ́, kò sí oògùn, a kàn ń wá lẹ́ǹsì mìíràn tó fọ́ níwájú kí a lè yọ awò ẹ̀yìn rẹ̀. Funfun náà lè ní kùrukùru, àmọ́ nínú èyí tó ti gba ọwọ́ mi kọjá, dúdú ni mo ti rí i jù.

Nítorí náà, gba iná fóònù rẹ, ṣí ihò ìmọ́lẹ̀ lẹ́ǹsì náà tán, tan iná náà láti ẹ̀yìn, kì í ṣe gbọnrangandan bí kò ṣe ní ẹ̀gbẹ́, kí o sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ohunkóhun tó bá dà bí èémí ènìyàn lára dígí, ìyẹn ni kùrukùru. Wò ó láti iwájú, kí o wò ó láti ẹ̀yìn. Má ṣe wò ó lábẹ́ oòrùn gbangba, oòrùn máa ń tan ènìyàn jẹ.

Onífọ́tò Àjàṣẹ́ kọ:

Mo dúpẹ́ púpọ̀, Bàbá. Ẹ gbà mí láyè kí n fi ìkan kún un. Oníṣòwò kan náà ní Jupiter-8 méjì lọ́wọ́, ti Rọ́ṣíà, funfun kan dúdú kan, owó wọn kò tó ìdajì ti Canon. Ṣé òfin idẹ àti alumíníọ̀mù tí ẹ sọ yẹn ni a ó fi wọ̀n wọ́n náà?

Alátùnúnṣe Kétu kọ:

Rárá o. Ibẹ̀ gan-an ni òfin náà ti fọ́. Jupiter-8 funfun tó wọ́pọ̀, alumíníọ̀mù ni, kúróòmù kò kàn án, wọ́n kàn fi awọ irin náà sílẹ̀ ní funfun ni. Gbé e lọ́wọ́, ó fúyẹ́ bí ẹ̀kọ gbígbẹ. Jupiter-12 àti Jupiter-9 funfun náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń pe gbogbo lẹ́ǹsì funfun ní kúróòmù yóò máa ṣi irin mú, yóò sì máa ṣi owó san.

Fún àwọn ti Rọ́ṣíà, nọ́ńbà ara wọn ni kí o kà. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni ọdún tí wọ́n ṣe é: bí o bá rí 58 níbẹ̀rẹ̀, 1958 ni. Dúdú wọn ló sábà ń dé kẹ́yìn. Ní ti èrò tèmi, mo fẹ́ràn funfun ti àwọn ọdún 1950 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1960, nítorí pé mo rí i pé wọ́n fara balẹ̀ dè wọ́n mọ́ra ju àwọn dúdú ìgbẹ̀yìn lọ, òrùka wọn sì máa ń yí geere lẹ́yìn tí mo bá ti fọ gíríìsì àtijọ́ kúrò. Awò inú méjèèjì, àwòkọ Sonnar ti Zeiss ni, kò sí èyí tí ó yàtọ̀.

Ti Helios, lẹ́ǹsì Rọ́ṣíà mìíràn, ni ó yàtọ̀ ní tòótọ́. Helios-44 funfun ti ìbẹ̀rẹ̀ ní ewé irin 13 tí ń pa ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé, Helios-44-2 dúdú ní 8. Bí o bá pa ihò náà dé díẹ̀, iná tó wà lẹ́yìn ènìyàn máa ń rí róbótó nínú àwòrán ti àkọ́kọ́, ó sì máa ń ní igun nínú ti ìkejì. Fún ẹni tó ń ya iná àtùpà lóru, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ewé irin ló ṣe é, kì í ṣe àwọ̀.

Ọ̀dọ́ Ouando kọ:

Mo ti gbọ́, mo sì ti gbà fún ti Flektogon. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ojú lásán ni dúdú, kí ló dé tí àwọn akọ̀ròyìn ayé àtijọ́ fi ń wá dúdú lójú méjèèjì? Mo ka pé Leica pàápàá kùn kámẹ́rà M3 ní dúdú ní 1959, lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí funfun ti wà lórí àtẹ, nítorí pé wọ́n ń béèrè fún un.

Ìyá Ayàwòrán Ṣábẹ kọ:

Nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà lára funfun ni. Ẹni tó ń yàwòrán níbi tí kò fẹ́ kí a tètè rí òun kò fẹ́ ohun tó ń kọ mànà lọ́wọ́ òun. Àmọ́ a kò gbọdọ̀ sọ àsọdùn rẹ̀. David Douglas Duncan, akọ̀ròyìn ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, lọ ya ogun Kòríà ní 1950 pẹ̀lú àwọn lẹ́ǹsì Nikkor lórí Leica rẹ̀. Ohun tó mú un nífẹ̀ẹ́ wọn ni fọ́tò òun fúnra rẹ̀ tí Jun Miki, ayàwòrán ará Japan, fi Nikkor 85mm f/2 yà ní Tókíò. Àwọn Nikkor 85mm ti ìgbà náà, funfun ni wọ́n, wọ́n wúwo bí òkúta. Dúdú wọn tó fúyẹ́ kò tíì dé. Àwòrán rẹ̀ tó jáde nínú ìwé ìròyìn Life ni ó jẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ pé Japan ń ṣe lẹ́ǹsì gidi. Funfun kò dí i lọ́wọ́.

Àmọ́ fún iṣẹ́ kẹta tí Onífọ́tò Àjàṣẹ́ dárúkọ, ìyẹn fọ́tò inú férémù, mo lè sọ pé àwọ̀ kan iṣẹ́ náà, ibẹ̀ nìkan sì ni mo ti gbà pé ó kàn án. Bí o bá dúró níwájú dígí, dígí náà á fi ọ́ hàn, á fi kámẹ́rà rẹ hàn. Òrùka funfun tó yí ojú lẹ́ǹsì ká á wá yọ bí òṣùpá láàárín àyà bàbá àgbà tí o ń yà. Mo máa ń rí i pẹ̀lú àwọn Nikkor àkọ́kọ́ ti kámẹ́rà Nikon F, àwọn tí ara wọn dúdú tí imú wọn sì funfun. Ojútùú rẹ̀ kò gbówó lórí: ìbòrí ojú lẹ́ǹsì dúdú, tàbí aṣọ dúdú tí o lu ní ihò, kí o ti lẹ́ǹsì bọ ihò náà, kí aṣọ náà sì bo ìwọ àti kámẹ́rà. Gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí o má gbé e sí iwájú.

Ohun kan tún wà tí àwa ará òkè yìí mọ̀ ju ẹ̀yin ará etí ọ̀sà lọ. Bí mo bá lọ ya àwọn òkè àpáta Ṣábẹ ní ọ̀sán gangan, lẹ́ǹsì dúdú máa ń gbóná débi pé ọwọ́ kò fẹ́ gbà á, funfun kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ooru yẹn kò yí àwòrán padà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tàbí lórí àpáta lójoojúmọ́, gíríìsì tí Bàbá sọ yẹn yóò máa yọ́, yóò máa ṣàn lọ sórí àwọn ewé irin, yóò sì máa tú oru. Ẹni tó bá ra Canon dúdú, kí ó máa fi í sí ibòji.

Akójọ Nǹkan Àtijọ́ kọ:

Ẹ jọ̀wọ́, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Mo fẹ́ fi ti ìtajà kún un, torí ibẹ̀ ni owó ti ń sọnù.

Dúdú méjì ló wà, ẹ má sì ṣe pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni ọ̀dà dúdú tí wọ́n kùn sórí idẹ. Bí ó bá ń họ, àwọ̀ ìyeyè ló ń yọ ní etí rẹ̀, àwọn olùkójọ sì fẹ́ràn èyí dé ibi pé wọ́n ń san owó gọbọi fún un, àgàgà ti Leica tó jáde ní ìwọ̀nba. Èkejì ni dúdú ti ásíìdì àti iná lórí alumíníọ̀mù. Bí ó bá họ, funfun ló ń yọ, kò sì sí ẹni tí ń san owó kún un nítorí ìyẹn. Canon dúdú tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, irú kejì ni.

Nítorí owó yìí, àwọn ènìyàn kan máa ń bó kúróòmù lára lẹ́ǹsì funfun, wọ́n á kùn ún ní dúdú, wọ́n á sì tà á bí ojúlówó. Wo ibi tí wọ́n fín nọ́ńbà sí. Nínú ojúlówó, etí nọ́ńbà mú, ọ̀dà funfun tàbí pupa inú rẹ̀ kún dọ́gba. Nínú èyí tí wọ́n tún kùn, ọ̀dà dúdú ti wọnú ihò nọ́ńbà, etí rẹ̀ á sì rọ̀. Wo orí àwọn skúrú pẹ̀lú: bí ẹnu wọn bá ti họ, ẹnìkan ti tú u. Títú nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Bàbá Kétu ń tú wọn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùtà sọ ọ́.

Ní ti kúróòmù, òun ló le jù nínú gbogbo ìbora, kì í tètè họ. Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ ni ihò kéékèèké tí òógùn àti afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń gbẹ́ sí i. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé á máa yọ láti inú idẹ abẹ́ rẹ̀. Ojú lásán ni títí tí yóò fi dé ẹnu skúrú, nígbà náà ni ó di ìyọnu.

Alátùnúnṣe Kétu kọ:

Òtítọ́ ni o sọ. Ẹ wò ó, Pierre Verger, ayàwòrán ará Faransé tí wọ́n tẹ̀ nífá níhìn-ín ní Kétu ní 1953 tí a sì sọ ọ́ ní Fátúmbí, kámẹ́rà Rolleiflex ló ń gbé káàkiri gbogbo ilẹ̀ yìí. Lẹ́ǹsì rẹ̀ kò ṣeé yọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó bi í bóyá funfun ni tàbí dúdú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òde òní ni ẹ rí àyè ìjiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀. Fún ẹni tó ń gbé Àjàṣẹ́, ọ̀rinrin ni ọ̀tá tó lágbára jù, kò sì bìkítà fún àwọ̀. Olú wẹ́wẹ́ tí ń hù nínú awò máa ń jẹ ìkùn kúrò kí ó tó jẹ awò. Má ṣe tọ́jú lẹ́ǹsì sínú àpò aláwọ tó bá a wá, awọ máa ń fa omi mọ́ra. Àpótí ike tó dé dáadáa, pẹ̀lú silica gel, hóró tó ń fa ọ̀rinrin, nínú rẹ̀, ti tó. Nígbà tí silica náà bá ti mu omi yó, fi í sórí iná jẹ́jẹ́ kí ó gbẹ, kí o dá a padà. Máa lo lẹ́ǹsì náà, kí o má jẹ́ kí ó sùn sínú òkùnkùn ní àsìkò òjò. Nígbà ọyẹ́, àwa níhìn-ín la máa ń jìyà, torí eruku, ẹ̀yin á sinmi díẹ̀.

Ọ̀dọ́ Ouando kọ:

Bí a bá fẹ́ dán méjèèjì wò kí a tó sanwó, báwo ni kí á ṣe é tí kò fi ní jẹ́ àríyànjiyàn lásán?

Ìyá Ayàwòrán Ṣábẹ kọ:

Ara kámẹ́rà kan náà, lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wákàtí kan náà. Ìwọ tí o wà ní Àjàṣẹ́, lọ síwájú Mọ́ṣáláṣí Ńlá, èyí tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà dé láti Brazil, kọ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì Brazil. Àwọ̀ àti ọnà tó wà lára ògiri rẹ̀ pọ̀ tó láti fi àlébù lẹ́ǹsì hàn láti àárín dé igun. Ya á ní f/1.8, f/4 àti f/8. Má jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ yan àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ (white balance), yan án fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyàtọ̀ tí o ó rí lè jẹ́ ti kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà, ní alẹ́, gbé gílóòbù kan sí igun àwòrán, ènìyàn sí àárín. Ìyẹn ni yóò sọ bí lẹ́ǹsì náà yóò ti ṣe lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀.

Àmọ́ má ṣe fi ẹyọ kan ṣe ìdájọ́ gbogbo funfun, kí o má fi ẹyọ kan ṣe ìdájọ́ gbogbo dúdú. Lẹ́yìn ọdún tó tó báyìí, ìyàtọ̀ láàárín funfun kan àti funfun mìíràn lè ju ìyàtọ̀ àárín funfun àti dúdú lọ, nítorí ohun tí ojú kálukú wọn ti rí.

Onífọ́tò Àjàṣẹ́ kọ:

Mo ti ṣe é. Oníṣòwò náà ṣe sùúrù, ó gbé ìjókòó fún mi, ó sì jẹ́ kí n gbé méjèèjì jáde.

Funfun: ojú awò iwájú rẹ̀ ní ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹni tó ń nù ún fi sí i, òrùka fókọ́ọ̀sì rẹ̀ le díẹ̀, inú rẹ̀ mọ́ lábẹ́ iná fóònù. Dúdú: ojú rẹ̀ ń dán bí tuntun, òrùka rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n kùrukùru wà lẹ́yìn ihò ìmọ́lẹ̀, ibi tí Bàbá sọ gẹ́lẹ́. Lójú mọ́ṣáláṣí, ní f/8, n kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ní f/1.8, àwòrán dúdú dà bí ẹni pé a fi aṣọ àwọ̀n bò ó. Ní alẹ́, pẹ̀lú gílóòbù ní igun, funfun ní òbìrí ìmọ́lẹ̀ kékeré tí mo lè fara mọ́, ṣùgbọ́n ti dúdú tàn bo ojú ẹni tí mo ń yà. Oníṣòwò náà ṣì ń béèrè owó tó ga ju ti funfun lọ fún dúdú. Bàbá, ṣé kí n ra dúdú náà kí n sì gbé e wá fún yín kí ẹ nù ún?

Alátùnúnṣe Kétu kọ:

Má rà á ní iye yẹn. Kí a tó tú u, kò sí bí mo ṣe lè mọ̀ bóyá kùrukùru náà wà lórí awò tàbí ó ti jẹ ẹ́ wọlé. Bí ó bá fẹ́ tà á ní iye lẹ́ǹsì tó bàjẹ́, rà á, a ó jọ rí i. Bí kò bá gbà, fi í sílẹ̀ fún un.

Ra funfun. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ ojú awò iwájú kò lè ba àwòrán jẹ́ tó bí kùrukùru àárín ṣe ń bà á jẹ́, ìbòrí ojú lẹ́ǹsì yóò sì dín èyí tó kù kù. Òrùka tó le, gíríìsì tó ti gan ni. Gbé e wá, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Má ṣe fi ipá yí i, má sì da òróró kankan sí i láti òde.

Onífọ́tò Àjàṣẹ́ kọ:

Ó dáa bẹ́ẹ̀, Bàbá, mo ti san ti funfun. Ìbòrí wo ni kí n wá fún un? Èyí tí mo ní nílé kò wọ ẹnu rẹ̀. Ó sì jọ pé kò lè súnmọ́ ènìyàn tó bí mo ti fẹ́.

Akójọ Nǹkan Àtijọ́ kọ:

Mílímítà 40 ni ẹnu fíltà rẹ̀, funfun tàbí dúdú, ìwọ̀n kan náà ni. Kò wọ́pọ̀ lọ́jà, nítorí náà ra òrùka tó ń sọ 40 di 49, kí o wá ìbòrí 49 dúdú, ìyẹn pọ̀ nígboro. Yan òrùka dúdú, kí o lè bo imú funfun náà nígbà tí o bá ń ya férémù. Ní ti sísúnmọ́, mítà kan ni òpin rẹ̀, bí wọ́n ti ṣe gbogbo wọn nígbà yẹn nìyẹn. Òrùka àsopọ̀ kan wà tó máa ń nà síwájú bí a bá yí i. Bí o bá fi í pààrọ̀ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, o ó lè dé ojú ìyàwó láìsí ìdíwọ́.

Ìyá Ayàwòrán Ṣábẹ kọ:

Bí o bá ra irú òrùka tó ń nà yẹn, rí i dájú pé ó ṣì ń jẹ́ kí lẹ́ǹsì náà rí ọ̀nà jíjìn kedere nígbà tó bá wà ní pípadé. Òmíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yí lẹ́ǹsì dé òpin, kọjú rẹ̀ sí orí ilé tó wà lódìkejì ọ̀sà, kí o sì wò ó kí o tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún ọ.